OWÓ Ọ̀NÀ OKO WA DÀ?

Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan kà á. Ẹ pe ẹni tí kò mọ̀wé kà súnmọ́ yín, kí ẹ kà á sókè sí i létí, nítorí ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

A kò wá sọ̀rọ̀ Àbújá fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó ti ẹ̀yìnkùlé yín lọ sí oko yín la fẹ́ sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo la mú wá, òun náà la sì máa tún bi yín nígbà tí a bá fẹ́ dágbére: owó tó yẹ kó ṣe ọ̀nà yẹn, ta ló gbà á, kí ló sì fi ṣe?

ÒJÒ RỌ̀ LÓRU, ÀGBẸ̀ PÀDÁNÙ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú yín ń rí. Ẹ ti wú ẹ̀gẹ́ lánàá. Ẹ ti san owó lébìrà. Ọlọ́kọ̀ ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ láàárọ̀. Òjò wá rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́kọ̀ dé ìyànà, ó wo ẹrẹ̀ tó wà níwájú, ó yí orí ọkọ̀ padà. Ẹ má bá a jà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì, ta ni yóò bá a yọ ọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wá lọ pé bí a bá ti wú u tán, tó bá fi di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Iṣu lè fara dà á. Ẹ̀gẹ́ kò lè fara dà á. Tòmátì kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kò mọ̀ pé òjò ló rọ̀. Kòkó tí ẹ ti sá gbẹ, bí ó bá pẹ́ nínú abà tí omi ń jò sí, ó bu nìyẹn, ẹni tó fẹ́ rà á á sì ní òun kò ra kòkó tó bu.

Kí làgbẹ̀ máa wá ṣe? Ọlọ́kadà ló máa pè. Ọlọ́kadà á gbé àpò kan tàbí méjì, á pe owó rẹ̀ ní iye tó wù ú, torí òun náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nínú ẹrẹ̀. Tàbí kí ẹni tó ń ra ọjà lóko dé, kó wò yín lójú, kó mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíì tí ẹ máa gbé e gbà. Ẹ̀yin á ní kó fi kún un. Òun á ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sọ́jà fúnra yín. Ó mọ̀ pé ẹ ò lè gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìka kà á. Ká ní àpò gààrí 10 lẹ fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Bí owó ọkadà bá jẹ iye àpò 3, àpò 7 lẹ tà. Ta ló jẹ àpò 3? Olè kọ́. Eku kọ́. Ọ̀nà ló jẹ ẹ́. Àpẹẹrẹ lásán nìyẹn o. Ẹ fi iye tí ẹ̀yin san ní ọjà tó kọjá rọ́pò rẹ̀, kí ẹ rí iye àpò tí ọ̀nà ń bá yín jẹ lọ́dún kan. Owó-orí nìyẹn. Owó-orí tí kò ní rìsíìtì ni.

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ kò ní oko, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ohun tí ọ̀nà jẹ lóko, ẹ̀yin lẹ ń san án lọ́jà. Olóko ń kígbe pé òun kò rówó gbà, ẹ̀yin ń kígbe pé oúnjẹ wọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara yín. Kòtò tó wà láàárín yín lọ̀tá yín. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà. Kò sí káńsù tó lè dá owó epo padà sí ti tẹ́lẹ̀, a ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń jìjàkadì nínú ẹrẹ̀ ń jẹ epo ju èyí tó ń sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ìyẹn, káńsù lè ṣe nǹkan sí i.

A ò tíì sọ ti aboyún tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkadà lóru, tí ọkọ rẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án níwájú. A ò tíì sọ ti ọmọ ilé-ìwé tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, àti ti tíṣà tí wọ́n gbé wá sí abúlé, tó wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, tí kò padà wá mọ́.

TA LÓ NI Ọ̀NÀ?

Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á máa tọ́ka sí ara wọn. Káńsù á ní ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ á ní ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní apá kan lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Àfikún Kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíṣe ọ̀nà àti títún un ṣe wà níbẹ̀. Gọ́tà wà níbẹ̀. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin náà tún ní kí káńsù ní ọwọ́ nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú ètò ìlera, àti nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Iṣẹ́ àgbẹ̀. Kì í ṣe oore ni wọ́n ń ṣe yín bí wọ́n bá ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí ni.

Títì ńlá tó lọ láti ìlú sí ìlú lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ó lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀. A ò ní purọ́ mọ́ káńsù lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yà kúrò lórí títì, tó gba àárín abúlé kọjá, tó la igbó lọ sí oko, ti káńsù ni. Bí alága káńsù bá dé abúlé yín tó ní òun á bá yín bẹ gómìnà lórí ọ̀nà yẹn, ẹ rọra bi í pé: "Alága, ta lẹ fẹ́ bẹ̀ lórí iṣẹ́ tiyín?"

OWÓ WÀ O

Wọ́n á ní kò sówó. Ẹ jẹ́ ká ṣí àpò náà wò.

Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó ilẹ̀ yìí ní Àbújá. Ìlànà tí wọ́n ti ń lò láti ọ̀pọ̀ ọdún ni pé nínú 100 náírà tó bá délẹ̀ fún pípín láti inú àpò àjùmọ̀ní, ìjọba àpapọ̀ á mú 52 náírà 68 kọ́bọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26 náírà 72 kọ́bọ̀, àwọn káńsù á mú 20 náírà 60 kọ́bọ̀. Owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT tún wà lọ́tọ̀: nínú 100 náírà rẹ̀, 35 ni ti káńsù. Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin kì í san VAT. Bí ẹ bá ra káàdì fóònù, ẹ ti san án.

Káńsù 774 ló ń pín owó yìí ní gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Ògùn ní 20, Èkó ní 20, Òǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. Kò sí abúlé kankan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò sí lábẹ́ káńsù kan. Nítorí náà, kò sí abúlé kankan tí wọn kò gba owó lórí rẹ̀. Orúkọ abúlé yín ń dé Àbújá lóṣooṣù. Owó rẹ̀ ni kì í padà dé abúlé.

Ibo ló ń gbà sọnù? Òfin 1999 náà, ní orí 162, ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan tí owó gbogbo káńsù rẹ̀ yóò máa wọ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Èrò àwọn tó ṣe òfin ni pé kí owó gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó jẹ́ ojú ọ̀nà lásán, ó di ilé tí owó ń gbé. Owó á wọlé ní odindi, á jáde ní ẹ̀ẹ́rún. Alága káńsù á lọ gba èyí tó kù, á sì dákẹ́, torí ẹni tó fi í sórí àga ló di ẹnu àpò mú.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36. Àwọn adájọ́ ní gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa di owó káńsù mú tàbí láti máa ná an. Wọ́n ní a lè san owó náà fún káńsù tààrà. Wọ́n tún ní káńsù tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ni owó náà tọ́ sí, pé ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tí gómìnà kàn fọwọ́ kọ orúkọ wọn kò bá òfin mu. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Karùn-ún 2021, ilé-ẹjọ́ kan náà ti dá ẹjọ́ lórí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé gómìnà kò láṣẹ láti tú káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ká.

Ìdájọ́ dára. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dí kòtò. Ẹni tó ń gbé ìdájọ́ láti orí ìwé wá sí orí ọ̀nà ni ará ìlú tó bá dìde béèrè.

ÀWÁWÍ MẸ́TA

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ bí ẹ bá béèrè. Ẹ jẹ́ ká kúkú dáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èkíní, wọ́n á ní: "Owó oṣù tíṣà àti ti òṣìṣẹ́ ló ń jẹ gbogbo owó tán." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó káńsù, kò sì sí ọmọlúàbí tó máa ní kí wọ́n má san owó tíṣà. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé dà? Iye tí wọ́n yọ dà? Iye tó kù dà? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù láti na ọwọ́ jáde. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà mọ iye tó jẹ́ gbèsè àti iye tó kù sí ìdí aṣọ rẹ̀. Kí ló dé tí káńsù tó ní akọ̀wé, tó ní akápò, tó ní ayẹ̀wé-owó-wò, kò lè sọ tirẹ̀?

Èkejì, wọ́n á ní: "Ọwọ́ gómìnà lowó wà, ọwọ́ wa kò tó o." Kò burú. Nígbà náà, ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ará ìlú. Ẹ kọ̀wé. Ẹ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ pe àwọn àgbẹ̀ jọ kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń fi yín pè yìí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́, wọ́n gba ìkíni "Ọlọ́lá", wọ́n sì gba ìdákẹ́jẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ tí kò pariwo, ẹ wò ó dáadáa, bóyá wọ́n ti pín in fún un.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á ní: "Òjò ló ń ba ọ̀nà jẹ́." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ṣé ọdún yìí lòjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni? Òjò kò ba ọ̀nà jẹ́. Omi tí wọn kò ṣe ojú ọ̀nà fún ló ba ọ̀nà jẹ́.

KATAKATA ỌDÚN ÌDÌBÒ

Ẹ jẹ́ ká tẹ ibí yìí mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú yín.

Bí ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó gbọ́ ohùn katakata láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n á fá ọ̀nà, ilẹ̀ pupa á máa dán. Wọ́n á ya fọ́tò. Ẹnì kan á gun orí tábìlì, á ní: "Ẹ ti rí i báyìí pé a kò gbàgbé yín." Wọ́n á pín iyọ̀, wọ́n á pín ìrẹsì. Ẹ ó dìbò. Òjò méjì péré, ọ̀nà á burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló fà á? Fífá ọ̀nà kì í ṣe ṣíṣe ọ̀nà. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí a bá ṣe dáadáa lè gba ọkọ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kò dìgbà tí a bá da ọ̀dà sí i. Ohun tó ń fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí àárín rẹ̀ ga, kó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò gbé omi náà lọ sínú igbó. Kí wọ́n sì ri páìpù kọ̀ǹkéré sábẹ́ rẹ̀ níbi tí odò kékeré bá ti là á kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan máa kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó tán.

Katakata ọdún ìdìbò kò ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó kàn ń ha ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni. Ó ha á lónìí, ó ha á lọ́dún mẹ́rin òní, títí ọ̀nà fi lọ sílẹ̀ ju igbó lọ. Nígbà tí ọ̀nà bá ti lọ sílẹ̀ ju igbó lọ, kì í ṣe ọ̀nà mọ́, odò ni. Ẹ lọ wo ọ̀nà tiyín. Bí ẹ bá dúró ní àárín rẹ̀, tí ilẹ̀ oko ga tó orúnkún yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fún yín láti ọjọ́ yìí.

OWÓ TÍ WỌ́N Ń GBÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ wá wò ó ná. Bí káńsù kò bá rí ọ̀nà oko, báwo ló ṣe ń rí àgbẹ̀ bó bá di ọ̀rọ̀ owó gbígbà?

Ẹ gbé iṣu dé ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ ní gáréèjì, tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá arúgbó tó gbé ewé àti ata wá, ata tí kò tíì tà, wọ́n ti dúró sí i lórí. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn géńdé á na igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ síwájú ọkọ̀ tó kó ọjà oko, wọ́n á ní ti káńsù ni. Ọlọ́kọ̀ á san, á sì fi lé owó ẹrù yín.

Òfin jẹ́ kí káńsù gba owó ọjà àti owó gáréèjì, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san án. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998 lórí owó-orí kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìjọba, dí ojú ọ̀nà láti gba owó lọ́wọ́ èrò. Nítorí náà, igi ìṣó yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ọjà tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì yìí, bí òjò bá rọ̀, orí ẹrẹ̀ làwọn ìyá wa ń jókòó. Kò sí ilé ìgbẹ́. Kò sí omi. Ẹ gba owó ọjà, ẹ ò tún ọjà ṣe. Ẹ gba owó lórí ẹrù, ẹ ò tún ọ̀nà tí ẹrù gbà wá ṣe. Màlúù tí a ń fún ní wàrà, ó yẹ ká fún un ní koríko.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA BÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ìtàn yìí, torí ẹ̀yin lẹ máa rò pé àwa la kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé Ìbàdàn gòkè lọ sí Màpó. Ara wọn kò gbà á mọ́. Owó-orí wúwo, owó kòkó kéré, àwọn agbowó-orí ń lé wọn bí ẹran. Ìjà náà tàn ká ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà títí wọ inú 1969. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n fi pè é: Àgbẹ́kọ̀yà. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní san ju òkè mẹ́fà lọ, ìyẹn ṣílè 30.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rántí ọ̀rọ̀ owó-orí. Ohun tí wọn kò rántí ni àwọn ohun yòókù tí àwọn bàbá wa béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń ni wọ́n lára kúrò ní abúlé. Wọ́n ní kí wọ́n fi kún owó kòkó. Wọ́n sì ní kí wọ́n tún àwọn ọ̀nà tó lọ sí abúlé ṣe.

Ọ̀nà! Ó ti lé ní ọdún 50. Ní 1969, ìjọba ológun Ọ̀gágun Adeyinka Adebayo dín owó-orí kù sí pọ́ùn 2, wọ́n sì gba díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè yòókù. Owó-orí yẹn ti dìtàn. Ọ̀nà yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Ẹ tún rántí èyí. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ọ̀pọ̀ nǹkan dìde, àwọn ọmọ sì lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1955. Ilé Kòkó tó ga ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, orúkọ àgbẹ̀ ló ń jẹ́ títí dòní. A kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ jàǹfààní nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń kọ́ ilé fún àbúrò, tí ilé tirẹ̀ ń jò. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yẹn.

Ní 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé gòkè kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2025, ó tún já wálẹ̀. Kò sí ohun tí àwa tàbí káńsù lè ṣe sí ìyẹn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń dá owó kòkó. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá ọ̀nà oko ní òkè òkun. Ọ̀nà oko wà ní ọwọ́ ẹni tí ẹ fi ìka yín yàn. Ìdí nìyí tí a fi ń bá a jà.

Ẹ̀mí lọ nínú Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀mí àgbẹ̀ lọ, ẹ̀mí ọlọ́pàá lọ, ẹ̀mí ọba pàápàá lọ. A kò pe ẹnikẹ́ni sí àdá àti ìbọn. Àwọn bàbá wa kò ní ohun tí a ní lónìí: abẹ́ ìjọba ológun ni wọ́n wà, kò síbò. Àwa ní káàdì ìdìbò. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í fọ́ ilẹ̀kùn.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA MÁA ṢE

A kò ní ṣèlérí ọ̀dà fún gbogbo abúlé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ń parọ́. Ohun mẹ́rin la ń sọ.

Èkíní, lóṣooṣù, iye owó tó wọ àpò káńsù àti ohun tí a fi ṣe, a máa kọ ọ́ sára ògiri káńsù, ààfin àti ọjà, ní èdè Yorùbá. A máa fi ṣọwọ́ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n kà á sókè.

Èkejì, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni yóò pàdé, tí yóò sọ ọ̀nà tó fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ṣe é, kì í ṣe ìgbà ìdìbò. Gọ́tà àti páìpù ló máa ṣáájú, katakata á tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé la máa gbà síṣẹ́ gọ́tà, kí owó ọ̀nà lè sùn ní abúlé.

Ẹ̀kẹta, igi ìṣó kúrò lójú ọ̀nà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kan lójúmọ́, tó ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá gba owó láìfún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, olè ni, ẹ mú orúkọ rẹ̀ wá.

Ẹ̀kẹrin, káńsílọ̀ tí a bá fà kalẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tí kò gba ọ̀nà yẹn kọjá kò lè mọ ìrora rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò máa jókòó níwájú yín láti jíhìn.

Bí a bá dé ibẹ̀ tí a kò ṣe é, ẹ gbé ìwé yìí wá bá wa. Ẹ má dá a nù. Ẹ fi sábẹ́ ẹní. Ẹ̀rí yín nìyí lórí wa.

ẸNI TÓ NÍ ÒUN Ò NÍ DÌBÒ

A gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń sọ: "Wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà níjọba ló máa ń kó gbogbo rẹ̀." A kò bínú sí yín. Àjọ tó ń ṣètò ìdìbò káńsù, gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. A mọ̀ pé ilẹ̀ náà kò tẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìdìbò tí ènìyàn kò jáde sí ló rọrùn jù lọ láti yí. Níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti dìbò, ẹni tó fẹ́ kọ irínwó ní àyè gbalasa. Níbi tí irínwó ènìyàn ti tò, tí wọ́n dúró ka ìbò, tí gbogbo wọn mọ iye tó jáde, ojú á ti olè. Bí olè bá tiẹ̀ jí i, ó di ẹjọ́, ẹlẹ́rìí sì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé ni wọ́n ń fi orúkọ yín kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ wá káàdì yín. Ẹ má tà á. Ìrẹsì kóńgò kan, ẹ ó jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀nà búburú, ọdún odindi lẹ fi ń rìn ín. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á, owó yín ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka yín ṣe ohun tí ẹsẹ̀ yín mọ̀. Ẹ jáde láàárọ̀, ẹ dìbò, ẹ dúró, ẹ ka ìbò. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ṣáà má kúrò níbẹ̀.

Bí olùdíje kan bá sì dé abúlé yín láàárín ìsinsìnyí àti ọjọ́ ìdìbò, ti ẹgbẹ́ wọn tàbí ti ẹgbẹ́ wa, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi, ẹ mú un rìn lọ sórí ọ̀nà oko. Ẹ má jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá mu ún dé kókósẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí a fi bẹ̀rẹ̀:

Owó ọ̀nà oko wa dà?